Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Wẹ́dà Tó Ń Jó Ìjókòó Dánfó

Ẹ̀gbọ́n wa, Ọ̀gá Wẹ́dà,

Ògún á gbè yín, iná ò ní ta sí yín lójú, irin ò sì ní já lù yín lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ráyè lẹ́tà, pàápàá lẹ́tà tí kò ní owó nínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ti awò dúdú yẹn sókè díẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ pa jẹnẹrétọ̀, kí á jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdí ni. Ìdí awakọ̀.

Kí ẹ má baà bi mí pé ta ló rán mi sí iṣẹ́ oníṣẹ́: èrò iwájú ni mí. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan nínú dánfó Ọbálẹ́ndé, tí wọ́n há sáàárín awakọ̀ àti èrò ẹnu ilẹ̀kùn, tí ọ̀pá jíà wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, èmi nìyẹn. Bí awakọ̀ bá fẹ́ wọ jíà kejì, itan mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó níbẹ̀, torí náà ohun tí ẹ fi ojú awakọ̀ rí, níṣojú mi ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín, torí ó tọ́ sí yín. Àwọn ará Jámánì tó ṣe Volkswagen gbà pé àwọn ló ṣe dánfó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń ti èbúté wọlé, ọkọ̀ ẹrù lásán ni: inú rẹ̀ ṣófo, kò ní fèrèsé lẹ́yìn, ó ti kó páìpù àti pákó kiri ìlú òyìnbó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ gé fèrèsé sí i lára. Ẹ̀yin lẹ jó bẹ́ǹṣì mọ́ ọn nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pinnu pé ènìyàn mẹ́rin ni yóò máa jókòó síbi tó gba mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Láyé bọ̀lẹ́kájà, ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì Bedford ni wọ́n ń kó wá láti Ìlú Ọba, káfíńtà wa níbí ló ń kan pákó lé e lórí. Mọlúè tó dé lẹ́yìn náà, bí ẹ bá wo abẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 lẹ óò bá níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ ló sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tó pinnu ibi tí awakọ̀ Èkó yóò gbé ìdí sí àti ibi tí yóò na ẹsẹ̀ dé, kó má wulẹ̀ kọ̀wé sí Jámánì. Ẹ̀yin ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa wà.

Mo dúró wò yín lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ fi tépù wọn bẹ́ǹṣì èrò, ẹ tún un wọ̀n, torí ọlọ́kọ̀ dúró tì yín gbọnin, ó ní bí èrò mẹ́rin kò bá gba ojú kan, òun ò ní san owó tó ṣẹ́kù. Ìyẹn dára. Nígbà tó kan ìjókòó awakọ̀, tépù wọ àpò. Ẹ tú àga tó bá ọkọ̀ náà wá láti òkè òkun kúrò, ẹ ní ó gba àyè jù. Ẹ wá irin igun tó ṣẹ́kù nílẹ̀, ẹ jó o pọ̀, ẹ gbé pákó lé e, ẹ tẹ́ fóòmù tí wọ́n yọ lára àga pálọ̀ ẹnìkan lé pákó, ẹ fi lẹ́dà dúdú bò ó, ẹ kàn án níṣòó. Kò ṣeé sún síwájú, kò ṣeé sún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí olùkọ́ tó ń bínú. Awakọ̀ tó ga, ẹ ní kó ká ẹsẹ̀ kò. Èyí tó kúrú, ẹ ní kó lọ wá ìrọ̀rí. Ẹ wá fi ọwọ́ lu ìjókòó náà, pàá! Ẹ ní, “Eléyìí? Á pẹ́ láyé ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.” Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Á pẹ́ láyé ju awakọ̀ náà lọ pẹ̀lú.

Àga tí ẹ tú kúrò ńkọ́? Àga tó ní ibi ìgbórílé, tó ní irin tó ń jẹ́ kó yọ̀ síwájú sẹ́yìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé dẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, orí kí lẹ jókòó lé bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí lábẹ́ àtíbàbà yín?

Mo ní ẹ má dáhùn.

Ọmọ àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan náà ni wá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí. Lẹ́yìn tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó àná, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wọ Èkó láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, tí ilẹ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ olóyè rẹ̀, Ọ̀ṣọ́dì Tápà, àgbàlá 21 ni wọ́n pín in sí. Wọ́n mọ ibi tí ti lágbájá parí sí, wọ́n mọ ibi tí ti làkásègbè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn dé lórí ilẹ̀ náà, ẹjọ́ àwọn ọmọ Ọ̀ṣọ́dì kò dúró ní kóòtù Èkó, ó wọkọ̀ ojú omi dé iwájú ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1936. Àdúgbò tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ àyè dé ìlú ọba òyìnbó nìyí, kí wá ló dé tí a fi ń fún awakọ̀ ní àyè tí a kò lè fún àgbò iléyá?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí gáréèjì láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó kún ọkọ̀. Awakọ̀ mi á bọ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, á rọra na ara bí ẹni ń tú ìdìpọ̀. Á wá gbọ̀nà ọ̀dọ̀ ìyá alágbo tó to ìgò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. “Ìyá, ẹ bá mi po ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ jẹ̀dí.” Ìyá á bi í, “Olómi àbí ọlọ́tí?” Awakọ̀ á wo ìyá tìyanutìyanu, bí ẹni pé wọ́n bú u. Ọlọ́tí ni, dájúdájú. Á dà á sọ́nà ọ̀fun, á fajú ro, á ní, “Jẹ̀díjẹ̀dí yìí fẹ́ pa mí. Wọ́n ní súgà ló ń fà á.” Ọ̀gá, mi ò rí i kí awakọ̀ yẹn mu tíì rí. Irin igun yín ló ń fi ìdí mu látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Táyà já sí kòtò lórí Adéníjì Adélé. Kòtò gbé ìgbọ̀nrìrì náà fún sípíríǹgì. Sípíríǹgì ti kú láti ọdún tó kọjá, ó gbé e fún ṣáásì. Ṣáásì gbé e fún irin yín, irin yín kò fi falẹ̀, ó gbé e fún egungun ìdí, láti ibẹ̀ ló ti gun ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ńlá lókè òkun mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìjókòó awakọ̀ wọn fi dá ní sípíríǹgì tirẹ̀, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ jókòó lórí afẹ́fẹ́: bí ọkọ̀ bá fò, àga á rọ̀, ẹ̀yìn awakọ̀ ò ní mọ̀. Ẹ yọjú wo inú tírélà tọ́kùnbọ̀ tó bá ń kọjá, ẹ óò rí irú àga bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá tíì yọ ọ́ tà.

Ìjọba ń lé àwọn ìyá eléwé àti ọtí kúrò ní gáréèjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń fi ẹ̀rọ sẹ́nu awakọ̀ pé kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mutí wakọ̀, kí wọ́n mú un, kódà kó jẹ́ èyí tó ń gbé mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń bi í pé kí ló dé tó mu ún, kò sẹ́ni tó yíjú wo ohun tó jókòó lé. Ìgò yẹn ní ìtàn, ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù yín ni orí kìn-ín-ní ìtàn náà wà.

Ẹ tún wo kòròpé, bọ́ọ̀sì kékeré wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, abẹ́ ìjókòó iwájú ló wà. Àwọn Jàpáàn tó ṣe é fi ìbòrí tó dí ooru mọ́lẹ̀ sí i. Títí tí mẹkáníìkì bá fi ṣí i ní ìgbà díẹ̀, ìbòrí yẹn ti di ẹni ìgbàgbé, páálí ló kù. Ní ọ̀sán gangan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọbálẹ́ndé, a lè dín dòdò níbẹ̀. Jàpáàn sì ń wakọ̀ lápá òsì ọ̀nà, apá ọ̀tún ni stíárìn ọ̀pọ̀ wọn wà. Àwa ti kúrò lápá òsì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ̀yin àti mẹkáníìkì á jókòó, ẹ óò gé, ẹ óò jó, stíárìn á sọdá, bíréèkì á sọdá. Mo ti wọ ọ̀kan tí aago eré rẹ̀ kọ̀ tí kò bá wọn sọdá. Iwájú èmi èrò ló wà. Awakọ̀ á bi mí pé, “Bọ̀dá, èélòó ni mò ń sá?” Mo sọ fún un. Kò gbà mí gbọ́.

Ẹ má sì rò pé àrùn ìjókòó, awakọ̀ dánfó nìkan ló ń ṣe. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ nǹkan bí 31,000 òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìlú náà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1953. Bọ́ọ̀sì olókè méjì ni wọ́n ń lò. Awakọ̀ jókòó látàárọ̀; kọ̀ńdọ́ ń gun àkàsọ̀ lókè-sódò láti gbowó, ẹsẹ̀ àkàsọ̀ bí 500 sí 750 lóòjọ́. Àrùn ọkàn mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́ lọ dáadáa, èyí tó sì mú lára àwọn awakọ̀ tètè ń pa wọ́n. Morris kò fi mọ síbẹ̀. Ní 1956 ó tún gbé èsì mìíràn jáde lórí ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn: ìbàdí awakọ̀ fẹ̀ ju ti kọ̀ńdọ́ lọ! Ká má parọ́ mọ́ ìjókòó, wọ́n rí i pé ìbàdí àwọn kan ti fẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà wọ́n síṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo ka èyí, mo wo kọ̀ńdọ́ wa tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, tó ń pariwo “wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o”, mo tún wo ọ̀gá rẹ̀ tí ikùn ti fi orí kan stíárìn. Bí wọ́n bá lè máa gbà á fún ara wọn láàárín ọ̀nà, ì bá ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní. Àmọ́ kọ̀ńdọ́ wa kì í sábà ní ìwé ìwakọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Onítírélà ńkọ́? Tiwọn tiẹ̀ burú ju tiwa lọ, torí inú kábíìnì ni ilé wọn. Kí Àjọ Èbúté tó gbé ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sọ lórúkọ ní Ètò jáde ní oṣù kejì 2021, ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀, ni wọ́n fi ń tò lórí afárá kí wọ́n tó wọ Àpápá. Inú kábíìnì ni wọ́n ti ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹlòmíì á so aṣọ mọ́ abẹ́ tírélà, á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 tún ní kí tírélà má rìn nígboro láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, yàtọ̀ sí ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ èrò. Ó dára fún wa. À ń rí ọ̀nà gbà. Àmọ́ ẹni tó wakọ̀ mọ́jú, ọ̀sán ló máa sùn, nínú àpótí irin tí oòrùn ń jó lórí, tí èéfín dísẹ̀lì tàwọn tó wà níwájú ń wọlé bá a. Èéfín yẹn sì ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù kẹfà 2012 pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ tírélà ọ̀nà jíjìn fi bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn ìjókòó. Bí ẹ bá ṣí i wò níbí, iṣu lẹ óò bá lórí bẹ́ẹ̀dì, mótò-bọ́ọ̀yì á wà lórí iṣu.

Ẹ ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìjọba ńkọ́? Ṣé èmi ni VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò?” Mo gbà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2016 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ní kí ọkọ̀ akérò ní ohun tó ń ká eré ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kò. Ìjọba Èkó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, LASDRI. Wọ́n ń yẹ ojú awakọ̀ wò níbẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ sùúrù. Èmi ò tíì rí òṣìṣẹ́ kankan tó mú tépù jáde láti wọn ibi tí orúnkún awakọ̀ dé. Wọ́n kọ́ ọ ní sùúrù, wọ́n dá a padà sórí irin yín. Sùúrù á ti ibo wá?

Ẹ lè rìn dé TBS, kò jìnnà sí wa, kí ẹ wo bọ́ọ̀sì BRT. Láti ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2008 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS, èrò kan kì í bá awakọ̀ rẹ̀ pín jíà. Ó dá jókòó. Kò sí ohun àrà níbẹ̀ tí ọwọ́ yín ò ká.

Nǹkan tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tú àga òyìnbó kúrò, ẹ fi irin tó ń yọ̀ síwájú sẹ́yìn yẹn sílẹ̀ fún awakọ̀, kí ó lè sún mọ́ bíréèkì kó tó bá a nílò. Ẹ fi ibi ìgbórílé sí i. Ẹ bo ẹ́ńjìnnì dáadáa. Ìgbànú ìjókòó tí Nils Bohlin ṣe fún Volvo ní 1959, orí irin ọkọ̀ tó le ni wọ́n so ó mọ́, pẹ̀lú bóòtì ńlá. Èyí tí mò ń rí nínú dánfó, okùn ni, awakọ̀ á gbé e kọ́ èjìká bí ìborùn ní kété tó bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó níwájú, á jù ú sílẹ̀ bí ó bá kọjá. Mo ti tẹ̀lé e fà á wò rí. Kò so mọ́ nǹkan kan! Ẹ bá wa fi pẹlẹbẹ irin tó nípọn sábẹ́, kí ẹ fi bóòtì dè é. Àfẹ̀yìntì ìjókòó, ẹ yí etí irin rẹ̀ kó má mú, torí bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, èrò ẹ̀yìn ló ń bọ̀ wá fi àyà gbà á.

Ẹ sì dákun, ọ̀rọ̀ gáàsì tó wọ̀lú yìí. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023 ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń sáré gbé ẹ́ńjìnnì wọn sórí gáàsì CNG. Ní oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Bìní níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i. Àwọn tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ètò náà ní sílíńdà yẹn kì í ṣe ojúlówó ti CNG, ńṣe ni wọ́n jó o pọ̀. Mo ka ìròyìn náà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ má bínú. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá gbé sílíńdà wá pé kí ẹ bá òun jó o díẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọmọ Ògún lẹ jẹ́, ẹ ò bá Ṣàngó ṣe.

Mo mọ ibi tí ẹ ó ti dá mi dúró: owó. Bí awakọ̀ bá gba àyè, èrò kan á jáde, owó tí ọlọ́kọ̀ ń retí lálẹ́ á dín. Ta ni yóò jáde? Mo ti rò ó títí, ojú ẹni kan ṣoṣo ni mò ń rí. Èrò àárín níwájú, èyí tó ń bá awakọ̀ pín jíà, tó ń dí i lọ́wọ́ nígbà tó yẹ kó fa bíréèkì ọwọ́, òun ni kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Èmi nìyẹn.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbí ni Abíọ́lá ti dúró ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1994, tó kéde pé òun ni ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun kéde pé òun gba àga. Ní àdúgbò kan náà, èmi kéde pé mo yọ̀ǹda tèmi. Láti òní lọ, ẹ yọ àga àárín yẹn, ẹ fi àyè rẹ̀ ṣe ti awakọ̀. Màá san owó ìdá tèmi nínú ohun tí ọlọ́kọ̀ pàdánù, ìyẹn ni pé màá máa jókòó sẹ́yìn, màá sì máa ní ṣéńjì lọ́wọ́.

Bí ẹ bá kọ̀, tí ẹ ní ìjókòó yín kò ní àbùkù, mo ní àbá kan. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun orí irin yẹn ní Ọbálẹ́ndé, kí ẹ wa ọkọ̀ gba orí afárá Third Mainland lọ sí Ìkòròdú. Èmi ni màá ra epo. Èmi ni màá ṣe kọ̀ńdọ́. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú tí ẹ ò fi ọwọ́ di ìbàdí mú, màá kọ lẹ́tà mìíràn láti fi bẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì di ìbàdí mú, kí àwa méjèèjì padà sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ yẹn, kí á gbé àga tó wà lábẹ́ àtíbàbà yín, kí á lọ dá a padà fún ọlọ́kọ̀. Mo ti bá yín wá ẹni tí yóò gbé apá kejì: èmi ni.

Èmi ni àbúrò yín,
Èrò Iwájú Tẹ́lẹ̀ Rí,
Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó.